Borghild àti Akọni Tó Sá

"Yọ ìwé yẹn kúrò nílẹ̀, Eldrid."

Ohun tí Torleif Sandvik, alága wa, sọ fún mi nìyẹn lójú gbogbo ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé, ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Kò pariwo. Torleif kì í pariwo. Ó kàn fi ìka kan ti ìwé náà lórí tábìlì títí ó fi dé iwájú mi, bí ẹni tó ń dá ọbẹ̀ tó ti kan padà fún ẹni tó sè é.

Mo ní, "Kí ni ìwé ṣe fún yín?"

"O mọ ohun tó ṣe."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Tarevik, ìlú etíkun wa.

Ìtàn àròsọ ni ìwé náà, ìtàn ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan, níbi tí dírágónì ti ń fò kọjá lórí òkè. Orvind lorúkọ akọni inú rẹ̀. Iṣẹ́ Orvind ni pé kó máa ṣọ́ iná kan lórí òkè. Bó bá ti rí dírágónì lókèèrè, kó da epo sí iná náà kó lè ràn gidi, kí àwọn ará ìlú Hallin nísàlẹ̀ rí i, kí wọ́n sì sá wọnú ihò àpáta. Ọdún méjìlá ló fi ṣọ́ iná yìí tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí dírágónì wá dé, Orvind wò ó, ẹsẹ̀ sì gbé e. Kò da epo kankan. Ó sá. Hallin jóná ráúráú. Ibẹ̀ ni ìwé kìíní parí sí. Ìwé mẹ́rin ló tẹ̀ lé e, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí Orvind ń ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ó padà sí Hallin, ó ń ru òkúta, ó ń tún odi ìlú tó wó nítorí rẹ̀ mọ. Kò sẹ́ni tó pè é. Wọ́n tutọ́ sí i lára, wọ́n tú ajá sí i. Ó ń ru òkúta.

Ìwé yìí là ń kà ní ilé ìkàwé wa ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, àwa bíi mẹ́sàn-án, pẹ̀lú kọfí àti ohun tí kálukú bá gbé wá láti ilé. Ẹni tó sì ń kà á sókè fún wa ni Borghild Nesje. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà yẹn, Borghild ni ọ̀gá ọkọ̀ adóòlà ní Tarevik, ọkọ̀ tó máa ń jáde lọ gba àwọn tí òkun bá fẹ́ gbé. Kò sí obìnrin tó di ìtọ́kọ̀ yẹn mú rí ṣáájú rẹ̀. A ń fi í yangàn. Tí àlejò bá wá, a ó ní, "Ẹ wò ó, Borghild wa nìyẹn."

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjì jà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ẹja Torleif kú nítòsí àwọn àpáta tí à ń pè ní Eyín Ajá. Òun àti àbúrò rẹ̀, Eivind, ló wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ké sí ọkọ̀ adóòlà, Borghild àti ọkùnrin mẹ́ta sì jáde lọ bá wọn. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń ju ọwọ́. Ìgbà náà ni ìgbì kan gbé ọkọ̀ adóòlà sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ padà fìdí balẹ̀, Borghild yí i padà sí ilé. Ó sọ lórí rédíò pé ẹ́ńjìnì òun ń ṣe ségesège, pé òun ò lè sún mọ́ wọn.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Hẹlikópítà dé lẹ́yìn bíi wákàtí kan. Wọ́n bá Torleif lórí àpáta, èékánná rẹ̀ ti ya tán. Eivind, ọjọ́ kẹta la tó rí i nínú koríko òkun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Borghild fi di irọ́ yẹn mú. Ó jókòó nínú ìsìn òkú Eivind pẹ̀lú irọ́ náà lẹ́nu. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún un, òun náà kì í bò ó. Lọ́jọ́ tí àwọn olùwádìí wá, ó dìde láàárín gbọ̀ngàn, ó ní, "Ẹ́ńjìnì ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo parọ́."

Ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù, ìlú ló ṣe é. Wọn ò lù ú, wọn ò bú u. Wọ́n kàn ṣíwọ́ kíkí i. Ẹni tí ò bá tíì gbé ìlú tí kò ju irínwó ènìyàn lọ kò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí gúúsù, ó ń bá wọn sin ẹja fún ọdún méje. Lẹ́yìn náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó padà wá sílé ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ìsọ̀ panla, ó ṣí fèrèsé, ó sì dá iná.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìkàwé, àwọn méjì tó ń ka ìwé ìròyìn dìde, wọ́n jáde. Ó wo ẹ̀yìn wọn, ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé ìwọ náà ń jáde ni?"

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ibo ni mo fẹ́ jáde lọ?"

Ó ní kí n fún òun ní ìwé tó gùn, èyí tí ò ní tètè tán. Ìtàn Orvind ló wà nítòsí, mo fún un ní apá kìíní. Mo lè búra pé mi ò ronú sí i; mi ò tíì kà á nígbà yẹn. Ọjọ́ kẹta ló dá a padà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

Ó ní, "Ìyókù dà?"

Bí kíkà sókè ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ojú Màmá Jorunn ti ń ṣú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí kì í bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ó jókòó lọ́jọ́ kan pẹ̀lú iṣẹ́ ìhunṣọ rẹ̀, ó ń ráhùn pé lẹ́tà inú ìwé ti ń kéré sí i lọ́dọọdún, pé ìjọba ló ń ṣe é kó lè fi bẹ́bà pamọ́. Borghild wà nítòsí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Màmá Jorunn gbọ́ ojú ìwé kan tán, ó ní, "Ohùn rẹ dà bíi ti ẹni tó ń pe màlúù láti òdìkejì odò. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Máa kà á lọ."

Báyìí ni àwọn mìíràn ṣe ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń wá ìwé lórí pẹpẹ, wọ́n á dúró, wọ́n á jókòó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ti di mẹ́sàn-án, a sì ti ń jà lórí Orvind bí ẹni pé ará ilé wa ni.

Màmá Jorunn ní, "Irú akọni wo rèé? Títí di báyìí kò tíì pa eṣinṣin, áḿbọ̀sì dírágónì."

Borghild ní, "Àwọn tó ń pa dírágónì pọ̀. Wọ́n á pa á, wọ́n á fẹ́ ọmọ ọba, ìtàn á parí. Orvind nìkan ni mo rí tó jí lọ́jọ́ kejì."

"Ó jí, ó sì burú."

"Ó burú, Màmá. Ó sì ń ru òkúta."

Nínú apá kẹta, obìnrin kan wà tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì jóná ní Hallin. Ó wá dúró síwájú Orvind lójú ọ̀nà, ó ní, "Bí o ru òkúta títí ọ̀run fi wó, mi ò ní dárí jì ọ́." Orvind dá a lóhùn pé, "Ẹ má dárí jì mí. Ẹ sún ẹsẹ̀ yín díẹ̀, òkúta yìí wúwo." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Borghild nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sókè ojú ìwé náà, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n.

Èmi náà nífẹ̀ẹ́ Orvind láti ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ò kà á. Ó burú, ó mọ̀ pé òun burú, kò sì torí ìyẹn dùbúlẹ̀.

Èyí ni Torleif fẹ́ kí n yọ kúrò nílẹ̀.

Ó ní, "Obìnrin yẹn ń fi ìwé wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ó jókòó lórí àga tí owó ìlú rà, ó ń kọ́ àwọn èèyàn wa pé ẹni tó sá ni akọni. Lójú mi báyìí."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta yòókù tẹjú mọ́ kọfí wọn bí ẹni pé ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Inú ń bí mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń to ìwé sórí pẹpẹ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ èyí tí n ó yọ fún mi rí.

Mo ní, "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: Ìwé yìí ò dáa torí pé ẹni inú rẹ̀ ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ká jọ dìde, ká yọ gbogbo ìwé tí èèyàn ti ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Tí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lé mi, kí ẹ wá máa to ìwé fúnra yín."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Torleif wọ kóòtù rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"O ò sí nínú omi lọ́jọ́ yẹn, Eldrid."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde.

Mo sọ ohun gbogbo fún Borghild ní Ọjọ́rú. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn pé mo gbèjà rẹ̀. Ó pa ìwé dé.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ."

"Òótọ́ wo? Pé ò ń wẹ ara rẹ mọ́?"

"Pé mo jókòó. Orvind ò jókòó ka ìtàn òkúta, Eldrid. Ó rù ú." Ó dìde, ó fa fìlà irun àgùntàn rẹ̀ bo etí. "Ta ló ń tọ́ ọkọ̀ adóòlà báyìí?"

"O mọ̀ pé Sigve ni."

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

Sigve jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì. Borghild ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí Borghild yí i padà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí ìpàdé wọn ṣe lọ fún mi. Ó ń kun ọkọ̀ nígbà tí Borghild yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ̀.

"Ọ̀gá," ló jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Borghild. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ ni mo wá wá."

"Kò sí àyè."

"Mo ka ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yín. Ẹ ti ń wá èèyàn méjì láti ìgbà Àjíǹde."

"Ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún."

"Ọdún kan péré ni mo fi lé. Okùn ò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń jù ú."

"Ẹ jọ̀ọ́. Kí ni n ó sọ fún Torleif?"

"Sọ fún un pé mo ń tún okùn ṣe."

Sigve ò gbà kó wọlé. Borghild wá gbé àpótí kan síta lẹ́bàá ògiri, níbi tí wọ́n ń kó àwọn okùn tó ti gbó sí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ iyọ̀ kúrò lára wọn, ó ń so ibi tó ti já. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Òjò rọ̀ ọ́ lórí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ìka rẹ̀ ti là yánnayànna, ó ń fi ọ̀rá pa á, ó ń so okùn.

Lọ́jọ́ kan ó bá ìfun ẹja lórí àpótí rẹ̀, odindi garawa. Ó kó o fún àwọn ẹyẹ òkun, ó nu àpótí, ó jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé rẹ̀: Ẹ́ŃJÌNÌ ŃKỌ́? Èmi gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì lọ láti bá a fọ̀ ọ́ kúrò. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Fi sílẹ̀."

"Borghild! Gbogbo ìlú ló ń kà á!"

"Kí wọ́n kà á. Ìbéèrè tó dáa ni. Tí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn wá béèrè, n ó dá a lóhùn."

"Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

"Ó dùn mí gan-an. Ṣé ìyẹn wá ní kí n má lọ síbi iṣẹ́?"

Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, àyàfi pé ọ̀dà ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kìíní, Sigve pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, àwọn márùn-ún, ó ní kí wọ́n dìbò. Ọ̀kan nínú wọn yarí, ó ní òun ò lè wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú òpùrọ́. Sigve wá sọ ohun tí kò sọ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Èmi náà gbọ́ ẹ́ńjìnì yẹn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó dáa. Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí òun fúnra rẹ̀ fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn tèmi. Ṣé kí èmi náà bọ́ọ́lẹ̀?"

Ẹni mẹ́ta gbà, méjì kọ̀. Wọ́n fún Borghild ní ìlànà: okùn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀ láéláé.

Borghild ní, "Ó dáa. Ẹ̀wù mi dà?"

Inú ìlú gbóná fún ọ̀sẹ̀ kan. Torleif kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn adóòlà ní olú-ìlú. Wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn ará Tarevik ló mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ nínú ọkọ̀ wọn. Ó bá Sigve ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì yíjú kúrò lára rẹ̀. Màmá Jorunn, tó wà nídìí wàràkàṣì níbẹ̀, ní, "Torleif, ọrùn rẹ á rọ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó o ń yíjú kúrò lára wọn ti ń pọ̀ jù."

Nínú oṣù Kẹta, àkókò tí ẹja pọ̀ jù lọ, ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni. Afẹ́fẹ́ ti ń le láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹja ò dúró de ẹnikẹ́ni, Torleif sì jáde lóun nìkan. Gbogbo ilé ní Tarevik ló ní rédíò tó ń gbọ́ ohùn àwọn ọkọ̀. Èmi àti Màmá Jorunn wà ní ilé ìkàwé, a gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó ní, "Àwọ̀n ti lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ mi. Mi ò lè rìn. Afẹ́fẹ́ ń gbé mi lọ sí Eyín Ajá."

Màmá Jorunn gbé iṣẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò rí i kó gbé e sílẹ̀ rí.

Ọkọ̀ adóòlà jáde, àwọn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Sigve wà nídìí ìtọ́kọ̀. Borghild wà níwájú pátápátá pẹ̀lú okùn. Ìgbì ga. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn dé ibi tí ọwọ́ lè jù dé, Borghild ju okùn, ó sì balẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Torleif gan-an, nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Torleif wo okùn náà. Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó jù ú. Kò bẹ̀rẹ̀. Okùn náà rọra yọ̀ padà sínú omi.

Ó kígbe pé, "Kì í ṣe ìwọ! Kí ẹlòmíì jù ú!"

Sigve ò fẹ́ àríyànjiyàn. Ó ní kí Borghild gbé okùn fún ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà. Borghild gbé e fún un. Ọkùnrin náà lágbára bíi màlúù, ó jù ú, afẹ́fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fà á padà, ó tún jù ú, kò dé. Nígbà yẹn, bí Sigve ṣe wí, kò ju ọgọ́ta mítà lọ mọ́ láàárín Torleif àti àpáta, omi sì ń fọ́ funfun lára wọn.

Borghild gba okùn padà. Rédíò Torleif ṣì wà ní ṣíṣí; báyìí ni gbogbo ìlú ṣe gbọ́ ohùn tó ń pe màlúù láti òdìkejì odò yẹn:

"Torleif! Kórìíra mi lórí ilẹ̀! Mú okùn!"

Ó jù ú. Ó tún balẹ̀ síbi tó balẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kìíní. Màmá Jorunn di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn náà a gbọ́ Sigve: "Ó ti so ó. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n fa Torleif dé èbúté nígbà tí aago mẹ́rin ń lọ lù. Gbogbo ìlú ti pé síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Torleif gun àkàbà sókè, omi ń kán lára rẹ̀, ó rìn kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó lọ dúró níwájú Borghild tó ń ká okùn.

Ó ní, "Mi ò dárí jì ọ́."

Borghild ní, "Mi ò bẹ̀ ọ́."

"Eivind ì bá pé ọdún mẹ́rìnlélógójì nínú oṣù yìí."

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Mo mọ̀ ọ́n."

Torleif wò ó títí. Mo rò pé ó fẹ́ tutọ́, mo tún rò pé ó fẹ́ sunkún. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó yí padà, ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Borghild ká okùn tán, ó gbé e kọ́, ó wá jókòó sórí ilẹ̀ èbúté tó tutù bíi yìnyín.

Mo jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, Eldrid. Jù ú lọ gan-an. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa ń pọ̀ sí i."

Mo ní, "Orvind ńkọ́? Ṣé kò sọ ọ́?"

"Orvind ò mọ nǹkan kan nípa òkun," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn nínú rẹ̀.

A parí apá karùn-ún nínú oṣù Karùn-ún. Odi Hallin pé. Dírágónì tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí Orvind da epo síná, gbogbo ìlú sì rí àyè sá pamọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n jáde láti inú ihò, wọ́n kọjá lára rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn sì sọ fún un pé kànga ti dí, ó nílò ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Inú bí Màmá Jorunn débi pé ó fẹ́ mọ ibi tí òǹkọ̀wé ń gbé.

"Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bu ife kọfí kan fún un! Lẹ́yìn ìwé márùn-ún!"

Borghild ní, "Wọ́n fún un níṣẹ́, Màmá."

"Iṣẹ́! Kànga!"

"Èmi á gbà á."

Torleif ṣì ni alága ìgbìmọ̀. Kò dárúkọ ìwé náà mọ́, kò sì wá ní Ọjọ́rú rí. Tó bá rí Borghild lójú pópó, ó máa ń sọdá sí òdìkejì, Borghild náà kì í pè é. Àwọn kan ti ń kí i báyìí. Àwọn mìíràn ò ní kí i títí wọn ó fi kú, ó sì sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ṣùgbọ́n Borghild ò dúró síbẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá, ó lọ sí ìlú ńlá, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún méjìlélógún, ó tún gbogbo ìdánwò ìtọ́kọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yege. Ó mú ìwé ẹ̀rí náà lọ bá Sigve.

Sigve ka ìwé ẹ̀rí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ. Láéláé ni wọ́n sọ."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mò ń béèrè ni."

Wọ́n dìbò nínú oṣù Kìíní. Méjì gbà, mẹ́ta kọ̀. Borghild kí wọn, ó padà sídìí okùn rẹ̀. Ọdún kejì dé, ó tún béèrè; méjì gbà, mẹ́ta kọ̀. Àwọn kan ní kò nítìjú. Ó ní lóòótọ́ ni, ìtìjú òun ti tán láti ìgbà tí òun ti padà sílé.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta báyìí. Lánàá ó wá bá mi ní ilé ìkàwé pé kí n bá òun tẹ lẹ́tà tí òun máa fi béèrè ìtọ́kọ̀ lọ́dún yìí, torí pé ìka rẹ̀ kì í tọ́ dáadáa mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ "mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín" síbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó na ìka sí i.

Ó ní, "Yọ ìyẹn kúrò."

Mo yọ ọ́ kúrò.